Orúkọ Mẹ́fà fún Nọ́ńbà Kan: Ìtàn Ìpè ní Ararọ̀mí Etí Òkun

Ní ọdún 2002, nígbà tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí ó ń ta pákó ní ibùdó àwọn onígẹdú ní Èbúté Mẹ́ta, ra fóònù alágbèéká àkọ́kọ́ tí ojú wa rí nínú ìdílé wa, nọ́ńbà tí wọ́n fún un fi 0802 bẹ̀rẹ̀, orúkọ ilé-iṣẹ́ tí ó tà á fún un sì ni Econet. Bàbá gbé e wá sílé ní Ararọ̀mí nígbà ọdún Kérésìmesì, ó fi aṣọ funfun wé e bí ẹni wé ère ìbejì, ó gbé e kalẹ̀ sórí tábìlì, gbogbo wa sì yí i ká, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ọ̀rọ̀ kan tí ó lè ti inú rẹ̀ jáde, nítorí nígbà náà kò tíì sí ilé-iṣẹ́ kan, ìbáà ṣe kékeré, ìbáà ṣe ńlá, tí nẹ́tíwọ̀kì rẹ̀ dé etí òkun wa. Ọmọdé kan béèrè pé, "Bàbá àgbà, ṣé ó sùn ni?" Bàbá rẹ́rìn-ín, ó ní, "Kò sùn, ó ń retí ni."

Nọ́ńbà náà wà lápò bàbá títí di òní, kò sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n láti ọdún náà wá, orúkọ mẹ́fà ni ilé-iṣẹ́ tí ó ni ín ti jẹ́, bí ọmọ tí a ń gbé láti ilé alágbàtọ́ kan dé òmíràn, tí olúkúlùkù wọn ń sọ ọ́ ní orúkọ tí ó wù wọ́n. Àwọn baba wa ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Àwọn tí wọ́n sọ ọmọ yìí lórúkọ, Johannesburg, Kuwait àti New Delhi ni ilé tí wọ́n wò. Mo fẹ́ sọ ohun tí gbogbo ìrà, ìtà, ìdàpọ̀ àti ìgbémì bẹ́ẹ̀ gbé dé ọ̀dọ̀ àwa tí a wà ní ìkángun ilẹ̀, àti ohun tí kò gbé dé.

Ararọ̀mí, bí àwọn àgbà ti ń túmọ̀ rẹ̀, ni ibi tí ara ti rọ ènìyàn. Ìlú tí ó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ pọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá, ṣùgbọ́n tiwa ni ti etí òkun, tí ó wà ní apá ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Ìlàjẹ, níbi tí Ìpínlẹ̀ Òndó ti fi èjìká kan ti Ìpínlẹ̀ Ògùn, tí òkun alagbalúgbú wà níwájú, tí irà àti ọ̀sà wà lẹ́yìn, tí igi àgbọn sì dúró láàárín méjèèjì bí ẹ̀ṣọ́ ààfin. Ohun kan wà tí àlejò kì í tètè fura sí: etí òkun Ìlàjẹ kì í ṣe ọ̀kan náà láti òpin dé òpin. Lọ́dọ̀ tiwa, iyanrìn ni. Ṣùgbọ́n bí a bá ń wa ọkọ̀ lọ sí ìlà-oòrùn, tí a dé agbègbè Ayétòrò, ìlú tí àwọn Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ̀dó ní 1947, tí a sì ré e kọjá lọ sí Awoye, ẹrẹ̀ ni ó gba ipò iyanrìn, omi sì ti ń jẹ ilé àwọn ará ibẹ̀ láti ọdún pípẹ́ wá. Kí òǹkàwé fi ọ̀rọ̀ iyanrìn àti ẹrẹ̀ yìí sí apá kan ọkàn, nítorí a óò tún bá a pàdé níwájú.

Kí ìpè tó dé, etí wa kò di. Àwa Ìlàjẹ, ọmọ Olúgbò, ọmọ Amapetu, ọmọ a-fi-omi-ṣe-ojúde, ẹja là ń tọ̀, a kì í tọ ọ̀nà. Níbi tí ẹja bá sì lọ ni a ń kọ́ ilé sí, ìdí nìyí tí a fi bá ará wa ní Màkókò àti Bárígà, ní Àgbádárìgì, ní etí òkun Kútọnu, àti títí dé ilẹ̀ Kamẹrúùnù. Ìdílé tí ó fọ́n ká tó báyìí kò lè wà láìsí ọ̀nà ìránṣẹ́. Ọkọ̀ tí ó ń gbé ẹja gbígbẹ àti ẹní gba orí ọ̀sà lọ sí Ẹ̀pẹ́ àti Èkó, òun náà ni ó ń gbé ọ̀rọ̀. Ẹni tí ó mọ̀wé a kọ lẹ́tà, ẹni tí kò mọ̀wé a ka ọ̀rọ̀ sí etí atukọ̀, ọ̀rọ̀ tí ó bá sì wúwo ju ẹnu atukọ̀ lọ, a fi àrokò rán an. Owó ẹyọ mẹ́fà tí a so pọ̀, tí a fi ránṣẹ́ sí ẹni tí ó wà ní ìdálẹ̀, ń wí pé ọkàn mi fà sí ọ. Mẹ́jọ ń wí pé ọ̀rọ̀ wa jọ. Kò sí ẹni tí í béèrè nígbà náà bóyá ẹyọ náà "wọlé" tàbí kò wọlé: bí ọkọ̀ kò bá rì, ọ̀rọ̀ dé.

Àwọn òyìnbó amúnisìn, ní tiwọn, ti ní wáyà láti ìgbà pípẹ́. Ní 1886 ni ilé-iṣẹ́ African Direct Telegraph Company na wáyà gba abẹ́ òkun wọ Èkó, tí ìjọba fi lè bá London sọ̀rọ̀ láìdúró de ọkọ̀ ojú omi. Láìpẹ́ lẹ́yìn náà, tẹlifóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún ní àwọn ọ́fíìsì ìjọba ní Èkó. Ṣùgbọ́n ti ìjọba ni, kì í ṣe ti ará ìlú, nígbà tí a sì gba òmìnira ní 1960, gbogbo òpó tẹlifóònù tí ó wà ní Nàìjíríà látòkè délẹ̀ kò ju 18,724 lọ, láàárín bíi 40 mílíọ̀nù ènìyàn. Bí a bá pín in, ó ju ẹgbẹ̀rún méjì ènìyàn lọ tí yóò rọ̀ mọ́ etí tẹlifóònù kan ṣoṣo. Ẹ̀ka P&T ti ìjọba ni ó ń bójú tó ìpè abẹ́lé, pẹ̀lú lẹ́tà àti tẹligíráàmù; ilé-iṣẹ́ mìíràn, tí wọ́n ń pè ní NET, ni ó ń bójú tó ìpè sí òkè òkun.

Ìdàpọ̀ àkọ́kọ́ nínú ìtàn yìí ni èyí tí ìjọba fúnra rẹ̀ ṣe ní oṣù Kìíní ọdún 1985, nígbà tí wọ́n yọ ẹ̀ka tẹlifóònù kúrò lára P&T, tí wọ́n so ó pọ̀ mọ́ NET, tí wọ́n sì sọ ọmọ tí àwọn méjèèjì bí ní NITEL. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ọwọ́ méjì tí ó rọ ni a so pọ̀, àyà wo ni wọn yóò sọ? NITEL wà fún ọdún mẹ́rìndínlógún láìsí ẹni tí ó fi bẹ́ẹ̀ bá a du ọjà, bí ọdún 2000 sì ti ń parí, òpó tẹlifóònù tí ó ń ṣiṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè tí ó ju ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù ènìyàn lọ kò ju bíi 400,000. Ẹni tí ó bá fẹ́ tẹlifóònù nínú ilé a kọ ìwé, a san owó, a tún san owó àbẹ̀tẹ́lẹ̀, a wá jókòó bí ẹni tí ń retí ọmọ lọ́wọ́ àgàn. Fóònù alágbèéká àtijọ́ ti wà pẹ̀lú láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 090, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀gágun, àwọn olóyè àti àwọn tí owó ti di yẹpẹ lọ́wọ́ wọn ni ó mọ ojú rẹ̀. Ní ti etí òkun Ìlàjẹ, a kàn ń gbọ́ orúkọ NITEL nínú rédíò ni, bí a ti ń gbọ́ orúkọ òjò dídì.

Ayé yí ní oṣù Kìíní ọdún 2001. Àjọ NCC, tí òfin ti dá sílẹ̀ láti 1992 ṣùgbọ́n tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń tẹlẹ̀ nígbà tí Ernest Ndukwe gba ìdarí rẹ̀ lábẹ́ ìjọba Ọbásanjọ́, pe gbogbo ayé sí gbàǹjo ìwé àṣẹ ìpè alágbèéká, iye tí ìwé àṣẹ kan sì gùn dé ni 285 mílíọ̀nù dọ́là. MTN láti South Africa gba ọ̀kan. Econet Wireless Nigeria gba ọ̀kan. Ilé-iṣẹ́ kẹta jáwé olúborí ṣùgbọ́n kò san owó ní àkókò tí a dá, ìwé náà sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. NITEL ìjọba náà gba tirẹ̀. Nígbà tí ó di oṣù Kẹjọ ọdún náà, Econet àti MTN ti ṣí ọjà wọn, ọjọ́ díẹ̀ péré ni ó wà láàárín wọn. Káàdì SIM nìkan tó 20,000 náírà nígbà náà, ìṣẹ́jú kan ìpè sì jẹ́ 50 náírà. Bí ènìyàn bá sì sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta péré tí ó pa á, owó ìṣẹ́jú kan gbáko ni wọ́n ń gé. Nínú ọ̀wọ́n yìí ni "fíláàṣì" ti bí: o pe ẹni tí o fẹ́, o jẹ́ kí ó dún lẹ́ẹ̀kan, o pa á, òun a sì mọ̀ pé o ń wá òun. Ẹni tí ó bá ronú sí i yóò rí i pé àrokò ni fíláàṣì í ṣe, àrokò tí kò ní ẹyọ. Tọkọtaya mìíràn tilẹ̀ ṣe àdéhùn pé ẹ̀ẹ̀kan ni "mo ti dé", ẹ̀ẹ̀mejì ni "wá pàdé mi létí omi". Nígbà tí Globacom ti Mike Adénúgà wọ ọjà ní oṣù Kẹjọ ọdún 2003, tí ó kéde pé ìṣẹ́jú àáyá ni òun yóò fi máa ka owó, àwọn tí wọ́n ní kò ṣeé ṣe tẹ́lẹ̀ rí i pé ó ṣeé ṣe kíákíá.

Gbogbo èyí ń ṣẹlẹ̀ ní Èkó, ní Àbújá, ní Port Harcourt àti ní àwọn ìlú ńláńlá. Nẹ́tíwọ̀kì wá ń rìn bọ̀ lọ́dọ̀ wa, ṣùgbọ́n ọ̀nà títì ni ó ń tọ̀, bí oníṣòwò aṣọ: ó kọ́kọ́ dé ibi tí mọ́tò ń dé àti ibi tí owó ń gbé, láti Òkìtìpupa dé Igbókòdá, kí ó tó wo apá òkun. Àwọn ará wa kò sì dúró dè é. Ẹni tí ó bá ní fóònù a gun orí òkìtì iyanrìn tí ó ga jù, a yí ara rẹ̀ sí ọ̀nà Igbókòdá bí ẹni tí ń kírun, a na apá sókè, mo sì mọ ilé kan tí wọ́n ti so fóònù mọ́ orí ọ̀pá oparun lóde, nínú agolo mílíìkì, tí ọmọdé kan ń ṣọ́ ìdí ọ̀pá náà láti ké pé, "Ó dé o! Ó ti dé méjì!", èyí tí í ṣe pé ìlà méjì ti yọ lójú rẹ̀.

Ìdí tí ó fi rí bẹ́ẹ̀ kò ṣòro í yé ẹni tí ó bá ti gbọ́ ìlù rí. Ohùn gbẹ̀du wúwo, a sì máa rìn jìnnà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ó lè sọ láàárín ìṣẹ́jú kan kò pọ̀. Gúdúgúdú ń sọ̀rọ̀ wéréwéré, ṣùgbọ́n bí o bá ti kúrò ní agbo, o kò gbọ́ ọ mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ìgbì afẹ́fẹ́ tí àwọn ilé-iṣẹ́ ìpè ń lò: èyí tí ó rẹlẹ̀ ń rìn jìnnà, ó sì ń la igbó àti ògiri kọjá, èyí tí ó ga ń gbé dátà púpọ̀, ṣùgbọ́n kì í jìnnà sí òpó rẹ̀. Nẹ́tíwọ̀kì ìgbà àkọ́kọ́ yẹn, tí ọ̀rọ̀ ẹnu jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ gbòógì, kò lè kọjá bíi 35 kìlómítà sí òpó rẹ̀ bí ó ti wù kí ojú ọ̀run mọ́ tó, ìdí nìyí tí àwọn apẹja tí ó bá wọ agbami fi mọ ibi tí ohùn ilé ti ń já gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti mọ ibi tí ẹja wà. Nígbà tí 3G dé lẹ́yìn ìwé àṣẹ ọdún 2007, tí 4G tẹ̀lé e, tí 5G sì dé àwọn ìlú ńlá ní 2022, gúdúgúdú lórí gúdúgúdú ni: fún ẹni tí ó wà ní Ìkẹjà, òpó wà ní gbogbo igun, fún ẹni tí ó wà létí òkun, tí òpó kan ń dá sìn ìletò púpọ̀, ìròyìn ni.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí nọ́ńbà bàbá. Econet ni ní 2001. Ní 2004, nítorí aáwọ̀ àwọn onípìn-ín, orúkọ Econet kúrò, Vodacom ti South Africa wọlé. Kí inki tó gbẹ lára pátákó, Vodacom ti yọ ẹsẹ̀, ilé-iṣẹ́ náà sì di Vmobile. Ní 2006, Celtel ra ìpín tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ní owó tí ó lé ní bílíọ̀nù kan dọ́là. Mo Ibrahim, ọmọ bíbí ilẹ̀ Sudan, ni ó dá Celtel sílẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ará Kuwait ti rà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní 2005. Ní 2008, àwọn ará Kuwait yìí fi orúkọ tiwọn, Zain, bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ní 2010, Bharti Airtel láti ilẹ̀ Íńdíà san 10.7 bílíọ̀nù dọ́là fún iṣẹ́ Zain ní orílẹ̀-èdè Áfíríkà 15, àwọ̀ pupa sì gba ilẹ̀. Nígbà kọ̀ọ̀kan, wọ́n kun pátákó, wọ́n pààrọ̀ agboòrùn àwọn tí ń ta káàdì rìsáàjì, wọ́n rán fáńẹ́ẹ̀lì tuntun fún àwọn ọ̀dọ́, wọ́n lu ìlù lórí tẹlifíṣọ̀n. Àwọn agboòrùn wọnnì ni ìtàn náà fi dé ọ̀dọ̀ wa: àwọ̀ tí ó bá tàn lọ́jà Igbókòdá ni a fi ń mọ̀ pé wọ́n tún ti ta bàbá wa pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀. Bàbá ní tirẹ̀ kò pè é ní orúkọ mìíràn ju "Ìkónẹ́ẹ̀tì" lọ, òun nìkan sì kọ́ ni àgbàlagbà tí ó ń pè é bẹ́ẹ̀ títí di òní.

N kò sọ pé ìrà àti ìtà burú. Ilé-iṣẹ́ tí onípìn-ín rẹ̀ ń jà ní kóòtù kò lè kọ́ òpó. Ẹni tí ó ní owó ní òkè òkun a máa gbé ẹ̀rọ wá. Ìgbémì kan tilẹ̀ wà tí ó yẹ kí ará etí odò mọ rírì rẹ̀ ju ará Èkó lọ. Ní ọjọ́ tí ọdún 2015 parí ni MTN kéde pé òun ti ra Visafone, ilé-iṣẹ́ Jim Ovia tí ó dá báǹkì Zenith sílẹ̀, tí òun náà ti gbé àwọn kéékèèké kan mì nígbà tí ó ń bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe àwọn oníbàárà Visafone ni MTN ń wá ju ohun gbogbo lọ. Ìgbì afẹ́fẹ́ 800 MHz tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni, ìyẹn ohùn gbẹ̀du tí ó lè gbé 4G rìn jìnnà. Nínú gbogbo ìdàpọ̀ tí mo kà sílẹ̀, òun nìkan ni mo lè tọ́ka sí pé nǹkan kan wà nínú rẹ̀ tí ó bá jíjìn wa mu.

Àwọn mìíràn kò ní irú oríire bẹ́ẹ̀. NITEL, tí ìjọba fi lé àwọn ará Netherlands kan lọ́wọ́ ní 2003, tí Transcorp ra ní 2006, tí wọ́n tún gbà padà, di òkú tí a ń gbé kiri títí tí NATCOM fi ra ohun tí ó kù ní 252 mílíọ̀nù dọ́là tí ó sì sọ ọ́ ní ntel. Etisalat, tí ó wọlé ní 2008 pẹ̀lú 0809 tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ràn nítorí dátà rẹ̀, yá 1.2 bílíọ̀nù dọ́là lọ́wọ́ báǹkì 13 ní 2013, kò rí i san, àwọn ará Abu Dhabi tí ó ni orúkọ náà sì ká a kúrò ní 2017. Ó di 9mobile, ó sì di T2 ní oṣù Kẹjọ ọdún 2025. Ní ọdún kan náà, NCC fọwọ́ sí i pé kí àwọn oníbàárà rẹ̀ máa gun orí nẹ́tíwọ̀kì MTN, MTN àti Airtel sì kéde pé àwọn yóò máa pín ẹ̀rọ lò, pàápàá ní àwọn ibi tí ó jìnnà. Báyìí ni ó fi di pé bí ìdajì gbogbo ìlà ìpè ní Nàìjíríà wà lọ́wọ́ MTN nìkan, Airtel sì kó èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìyókù. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, ni àwọn àgbà wí. Ọjà ìpè wa ti ń súnmọ́ ọ̀nà méjì.

Ṣùgbọ́n ìtà tí ó kan etí òkun jù lọ, orúkọ rẹ̀ kò hàn lára pátákó kankan, ará ìlú púpọ̀ kò sì mọ̀ pé ó ṣẹlẹ̀. Ní 2014, MTN ta òpó rẹ̀ 9,151 fún IHS, ilé-iṣẹ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà ní 2001 tí ó sì di ọ̀kan nínú àwọn olówó òpó tí ó tóbi jù ní Áfíríkà. Etisalat ta 2,136 fún un ní ọdún náà. Ní oṣù Kọkànlá, Airtel gbà láti ta èyí tí ó lé ní 4,700 fún American Tower láti Amẹ́ríkà. Ní 2016, IHS tún gbé HTN, olówó òpó bí tirẹ̀, mì, ó sì kó òpó rẹ̀ 1,211. Ẹni tó lẹrú ló lẹrù, òwe náà kò ṣiṣẹ́ níhìn-ín: ẹni tí ó ń ta ìpè kì í ṣe ẹni tí ó ni òpó mọ́, ayálégbé ni, òpó kan sì lè ní ayálégbé méjì tàbí mẹ́ta. Ọgbọ́n wà nínú rẹ̀, nítorí owó òpó mẹ́ta di owó òpó kan. Ṣùgbọ́n nígbà kan rí, bí òpó lágbájá bá kú, a lè bọ́ sórí ti lámọrín. Ìdí nìyí tí olúkúlùkù wa fi ń ní SIM méjì. Lónìí, bí ẹ̀rọ amúnáwá ìdí òpó kan ṣoṣo bá dákẹ́, SIM méjèèjì lè dákẹ́ pọ̀, bí ìyàwó méjì tí ọkọ wọn kú lọ́jọ́ kan náà.

Ẹ̀rọ amúnáwá a sì máa dákẹ́. Ọ̀pọ̀ ìlú ilẹ̀ Ìlàjẹ ti wà nínú òkùnkùn fún ọdún gbọọrọ láìsí iná ìjọba, Ayétòrò tí ó ti tan iná mànàmáná tirẹ̀ láti 1953, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ńlá kò tíì ní in, pàápàá kò yọ. Dísù ni òpó ń mu, ní ibi tí mọ́tò kò sì dé, ọkọ̀ ojú omi ni ó ń gbé e lọ. Bí dísù bá gbówó lérí, bí omi bá ru, bí àwọn olè omi bá wà lójú ọ̀nà, òpó a sùn pẹ̀lú òùngbẹ. Fi ẹrẹ̀ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan kún un: ní Ararọ̀mí, iyanrìn lè gba ìpìlẹ̀ òpó, ní apá Awoye, àfi kí a ri òpó kọnkéré wọlẹ̀ jinlẹ̀-jinlẹ̀ kí a tó lè gbé irin lé e, lẹ́yìn náà ni òkun yóò wá máa jẹ ilẹ̀ tí ó dúró lé. Oníṣirò tí ó wà ní Èkó, tí ó ń fi iye ènìyàn wéra pẹ̀lú iye dísù, kì í ṣe ọ̀tá wa. Ìṣirò rẹ̀ ni kò tíì fún wa ní ìdáhùn kan tí ó dára. Owó USPF tí òfin ọdún 2003 dá sílẹ̀ fún irú àwa yìí wà, ṣùgbọ́n orílẹ̀-èdè gbòòrò, àwọn ìkángun rẹ̀ sì pọ̀.

Ohun kan wà tí ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín kíkorò. Dátà tí a ń rà, abẹ́ òkun ni ó gbà wọ Nàìjíríà: wáyà SAT-3 dé Èkó ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí, Glo-1 àti MainOne tẹ̀lé e ní 2010, WACS ní 2012. SAT-3 kò dúró ní Èkó; ó ń bá a lọ sí Kamẹrúùnù, Gabon àti Àngólà títí dé South Africa, èyí tí í ṣe pé ọ̀rọ̀ ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Áfíríkà ń kọjá nínú agbami tí ó wà níwájú ilẹ̀kùn wa, nínú ikùn Olókun gan-an. Ṣùgbọ́n kí ọ̀rọ̀ kan tó dé orí fóònù ọmọ Ìlàjẹ, yóò kọ́kọ́ gòkè ní Èkó, yóò gba orí ilẹ̀ kiri, yóò wá máa ti orí òpó kan fò sí orí òpó mìíràn títí dé ọ̀dọ̀ wa, gbogbo òpó tí ó wà lójú ọ̀nà sì ni ó gbọ́dọ̀ wà láàyè lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí wáyà mẹ́rin bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan ní àgbègbè Abidjan ní oṣù Kẹta ọdún 2024, àwọn ará Èkó ké bí ẹni pé ayé ti parí. Àwọn ará wa béèrè pé kí ni ó ṣẹlẹ̀. Wọ́n rò pé ọjọ́ bí ọjọ́ ni.

Ní oṣù Kejì ọdún 2023, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ pààrọ̀ náírà tí owó bébà sì di góòlù, mo dé èbúté láti lọ sílé, gbogbo owó tí ó wà lọ́wọ́ mi kò tó owó ọkọ̀. Atukọ̀ ní kí n fi ránṣẹ́ sí àkáǹtì òun. Mo tẹ̀ ẹ́, owó kúrò lọ́dọ̀ mi, kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀; àmì róbótó kan ń yí lójú fóònù bí ìgbín tí ó sọnù lọ́nà oko. A dúró títí tí oòrùn fi ń rẹ̀ sílẹ̀. Níkẹyìn ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, mo gbà yín gbọ́, ṣùgbọ́n n kò gba fóònù yín gbọ́, ẹ fi fìlà yín dógò." Mo bọ́ abetí-ajá mi fún un, mo wọlé lórí asán bí ẹni tí wọ́n lù ní ọjà. Ìdájí ọjọ́ kejì ni àlẹ́ẹ̀tì wọlé sórí fóònù rẹ̀. Ó rán ọmọ kan wá pẹ̀lú fìlà náà, ẹja gbígbẹ méjì wà nínú rẹ̀, wọ́n kọjú síra wọn, ọmọ náà kò sì sọ ọ̀rọ̀ kan, nítorí kò sí ohun tí ó kù láti sọ.

Láti ọdún 2023 kan náà ni Starlink ti ń ta ìsopọ̀ láti ojú ọ̀run ní Nàìjíríà, ẹni tí ó bá sì rí owó rẹ̀ àti oòrùn tí yóò fi gba iná lè gbé àwo rẹ̀ sórí páànù, kí ó bọ́ lọ́wọ́ òpó, ẹrẹ̀ àti dísù. Ìjọba náà fọwọ́ sí i ní 2024 pé kí a na 90,000 kìlómítà fáíbà káàkiri orílẹ̀-èdè. A ń retí, bí fóònù bàbá ti retí nígbà kan. Ní báyìí ná, ní àwọn ìletò tí ọ̀nà mọ́tò kò dé, àwọn obìnrin tí ń sá edé létí omi kì í wo ojú fóònù kí wọ́n tó mọ̀ bóyá nẹ́tíwọ̀kì yóò wà lálẹ́. Ojú omi ni wọ́n ń wò. Bí ọkọ̀ kan bá yọ láti ọ̀nà Igbókòdá tí ó rì wọ omi dé etí, tí kẹ́ẹ̀gì aláwọ̀ ìyeyè tò lọ rẹrẹẹrẹ nínú rẹ̀, ọ̀kan nínú wọn a nu ọwọ́ mọ́ ìró, a ké sí ọmọ rẹ̀ pé kí ó lọ wá fóònù, nítorí pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ó wà ní Kútọnu yóò pè.